Káàdì Tí Mo Ní Kí Jàmíù Fi Pamọ́

Alága ìjókòó wa, Dókítà Gbádégẹṣin, mo kí yín. Ọjọ́ orí mi ju tiyín lọ, ìwé yín ju tèmi lọ, a sì ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà láìjà, àyàfi ọjọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mẹ́síìnì tí mo ń gùn lọ́wọ́ mi pé mo ti dàgbà jù fún un. Ẹ̀yin àgbà Ajah, ẹ̀yin Àlùfáà àti Pásítọ̀ tí ẹ jókòó pọ̀ níwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ foríjì mí pé orúnkún mi kò kanlẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ káàdì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ géètì, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí mo tọ́jú rí, tí ẹ wá lónìí, tí ẹ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní mọ̀ pé èmi ni mo tọ́jú yín, mo rí yín, n kò ní wo ọ̀dọ̀ yín pẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Olúwatósìn, ọmọ mi lẹ́nu iṣẹ́, ìwọ tí o máa jókòó lórí àga mi láti ọ̀la, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o kà nípa mi. O ní Nọ́ọ̀sì Fèyíkẹ́ Ògúnbọ̀dé fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tọ́jú àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ń ṣe láti Ikate títí dé Eleko. O ní ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí aláìsàn kan kò fi sá fún oògùn lọ́wọ́ mi. Ẹ pàtẹ́wọ́, mo gbọ́ ọ. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ṣe ni, ibẹ̀ yẹn ni ǹ bá ti dúpẹ́, kí n jókòó, kí a máa jẹun. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: Bàṣírát wa tó ń gbá ilé ìwòsàn yìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ bá a nílé, mo jẹ́wọ́ ohun kan fún un nípa ikú ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, kò sunkún, kò bú mi. Ó ní, “Màmá, ibi tí wọ́n bá ti ń yìn yín ni kí ẹ ti sọ ọ́. Ẹ dárúkọ ọkọ mi, mo fún yín láyè, kò jalè. Tí ẹ bá sọ ọ́ tán, màá wá mọ̀ bóyá mo ṣì lè máa pè yín ní màmá.” Ìdí nìyẹn tí mo fi di máìkì yìí mú báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ìhà yìí, èèyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn yìí kó máa gbọ́ ìró òkun. Mọ́tò kan á kọjá lórí títì, a ó parí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ kí òmíràn tó dé. Ọ̀gá wa nígbà náà wọlé, ó béèrè pé ta ló máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀tẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ló wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀, ṣùgbọ́n mo pẹ́ díẹ̀, ojú ọ̀gá ti bá tèmi. Bí mo ṣe di oníṣẹ́ ẹ̀tẹ̀ nìyẹn, n kò ní purọ́ fún yín pé Ọlọ́run ló pè mí.

Ẹ̀tẹ̀ kì í yára ràn. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn rẹ̀, kò tún lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Mo sọ èyí títí ẹnu mi fi bó, ta ló gbọ́? Ọkọ mi, Adébáyọ̀, kò bá mi jà rárá. Ó kàn ra ife tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó ra abọ́ tirẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó gba yàrá tirẹ̀ ní Súrùlérè. N kò bínú sí i, ẹ̀rù ló bà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbí ńkọ́? Bí mo bá gbé oúnjẹ wá síbi ìpàdé, wọ́n á ní àwọn ń gbààwẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ẹnì kan wà nínú yín níbẹ̀ yẹn tó gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Kérésì. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí n kò sọ ọ́ rí: ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Èèyàn wà láàárín ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ó ń fọwọ́ kan ara wọn láàárọ̀, ó ń fọwọ́ kan ara wọn lọ́sàn-án, kò sì rí ẹni tó máa bá a fọwọ́ bọ àwo kan náà.

Àwọn aláìsàn mi náà, ṣé ẹ rò pé wọ́n ń fẹ́ rí mi? Ẹni tí wọ́n bá ti rí lọ́dọ̀ mi, wọ́n á ti mọ ohun tó ń ṣe é. Nítorí náà, èmi ni mo ń lọ bá wọn, mo sì ń lọ bí ẹlòmíràn. Ní Eleko, mo di oníbàárà ẹja. Apẹja kan wà níbẹ̀, bí mo bá dé etí òkun, á na ẹja sókè, màá bá a ná an, ibi tí a bá ti ń nájà ló ti máa gbé oògùn oṣù náà mì lójú mi. Ẹja tí mo rà lọ́dún yẹn, àwọn ológbò àdúgbò mi ló jẹ ẹ́ tán. Ní Ikate, mo jẹ́ àǹtí ẹnì kan tó wá láti ilé. Ní Thomas Estate, wọ́n ní èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń di egbò fún àwọn lébìrà. Mo kọ́ gbogbo wọn pé kí wọ́n fi káàdì ìtọ́jú wọn pamọ́, kí wọ́n má sọ fún ẹnì kankan, ì báà ṣe aya, ì báà ṣe ọkọ. Mo mọ ohun tí ayé ń fi ojú wọn rí. Àwa tí a ń pa á lówe pé adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà ṣùgbọ́n ó lè dà á nù, ta ni nínú wa tó fẹ́ kí wọ́n fi òun pa irú òwe yẹn? Mo rò pé ààbò ni mo ń fún wọn.

Ẹ má gbọ́ ohun tí n kò sọ o. Oògùn yìí dára. Ó ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn pátápátá, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ń sọ ìtọ̀ di pupa. Bàbá kan tọ̀, ó wo ilẹ̀, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ló ń tán lọ, ó gun ọ̀kadà, ó di Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Òmíràn nínú rẹ̀ ń sọ awọ ara di dúdú. Ìyá kan dá oògùn padà fún mi, ó ní ọkọ òun ti ń béèrè pé ta ni obìnrin tó wà nínú ilé. Bí wọ́n ṣe ń sá nìyẹn, tí àìsàn sì ń padà wá bá wọn, tó ń jẹ wọ́n ní ìka. Ni mo bá wá ọ̀rọ̀ kan tí mo ń sọ fún gbogbo wọn láìyọ ẹnì kan sílẹ̀: “Ohunkóhun tí o bá rí, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Má dá a dúró.” Wọn kò sì sá mọ́.

Ṣùgbọ́n oògùn funfun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Ara ẹlòmíràn ń kọ̀ ọ́. Kò wọ́pọ̀. Bí ó bá máa ṣẹlẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni: ibà á dé, gbogbo ara á sú, ojú á pọ́n. Ẹni tó bá rí èyí gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì wá. Wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, n kò rí i kí ó ṣe ẹnì kankan, nígbà tó wá dé, n kò dá a mọ̀.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni. Ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ yìí lójú, tí yẹ̀pẹ̀ pupa ń bò wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Jàmíù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkìrun, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ń tẹ irin ní sáìtì kan ní Thomas Estate. Irin tí oòrùn ti yan jó o lápá, kò mọ̀. Ẹni tó dúró tì í ló pariwo. Nígbà tí mo yẹ apá náà wò, mo rí àpá ràkọ̀ràkọ̀ kan níbẹ̀ tí kò mọ ìfọwọ́kàn. Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Kò béèrè bóyá òun máa kú, kò béèrè bóyá ìka òun máa gé. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ìkìrun lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé ó máa mọ̀?”

Mo ní, “Kò ní mọ̀. Fi káàdì yìí pamọ́. Bí dókítà ibòmíràn bá bi ọ́, sọ pé o ò lo nǹkankan. Èmi nìkan ni kí o máa bá sọ ọ́.” Ẹnu mi yìí náà ni.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó pè mí lórí fóònù. Orí mẹ́síìnì ni mo wà, katakata ń pariwo lápá ọ̀tún, katakata ń pariwo lápá òsì. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ara mi gbóná gan-an o. Gbogbo ara ti sú, ó ń yún mi. Ṣé kí n dá oògùn yẹn dúró ná?” Mo pariwo padà: “Jàmíù, ìwọ náà ti fẹ́ sá, àbí? Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Má dá a dúró o!” Ó ní, “Ó dáa, mà. Ẹ má bínú.” N kò sọ̀kalẹ̀ lórí mẹ́síìnì. N kò bi í pé ojú rẹ ńkọ́, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìṣẹ́jú kan.

Bàṣírát ti dé láti Ìkìrun nígbà náà. Nígbà tí ara náà kò rọlẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà ibẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí dókítà ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í pé, “Oògùn wo lo ń lò?” Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Jàmíù ní òun kò lo nǹkankan. Wọ́n bi ìyàwó rẹ̀, òun náà ní kò lo nǹkankan; ohun tó mọ̀ ló sọ. Ni wọ́n bá ń wo ibà. Láràárọ̀, kí nọ́ọ̀sì tó yí ká, Jàmíù á na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, á yọ hóró funfun kan, á gbé e mì. Bàṣírát rí i lọ́jọ́ kan, ó bi í. Ó ní fítámì ni. Ọjọ́ kẹsàn-án tó ti wà lórí ibùsùn yẹn ló kú.

Èmi kò mọ̀. Nígbà tí ọjọ́ oògùn oṣù kẹta pé tí n kò rí i, mo ti pinnu pé ó sá ni. Mo fi ìbínú gun mẹ́síìnì lọ bá a, mo ti to gbogbo ohun tí mo máa sọ sẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ni mo bá, ó ń di ẹrù. Ó mọ̀ mí sí nọ́ọ̀sì tó ń di egbò. Ó kí mi dáadáa, ó sọ fún mi pé ọkọ òun ti kú. Lẹ́yìn náà ó mú páálí kan jáde, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo fítámì yìí, ó ṣẹ́ kù. Ṣé mo lè máa lò ó? Oyún wà nínú mi.”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Páálí oògùn mi ni. Ojú ihò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti ṣí, láti ọjọ́ tí mo fún un títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú, kò fo ẹyọ ọjọ́ kan. Káàdì náà wà nínú rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin. Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú gbogbo aláìsàn tí mo tọ́jú, kò sí ẹni tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó Jàmíù. Mo dúró síbẹ̀, mo mọ ohun tó pa á bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Mo ní, “Má lò ó. Jẹ́ kí n bá ọ gbé e lọ.” Mo fi í sínú àpò mi, mo bá a sunkún, mo sì bá tèmi lọ.

Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè kan wà tí à ń kọ nígbà tí oògùn bá ṣe aláìsàn níjàǹbá, kí àwọn tó wà lókè lè mọ̀, kí ẹlòmíràn má baà bọ́ sí kòtò kan náà. Mo mú un jáde. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìmọ̀ràn tí wọ́n fún aláìsàn, mo fi bírò lélẹ̀. Nínú rẹ́jísítà, mo kọ ibà. Ìparí ọdún yẹn ni wọ́n fún mi ní àwo ìdánilọ́lá pé kò sí aláìsàn mi kan tó sá. Òótọ́ ni, Jàmíù kò sá. Wọ́n máa ń sọ pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Mo fi òwe yẹn bora fún ọdún méjìlá, kò sì móoru fún mi rí, nítorí ọjọ́ Jàmíù kò tíì pé.

Ẹ yìn mí pé mo wá iṣẹ́ fún Bàṣírát níbí, pé mo ṣe bí ìyá fún un nígbà tó bí Waliyat. Ẹ kò mọ ìyókù. Lọ́jọ́ kan, ó bá mi nídìí oúnjẹ nínú yàrá kékeré mi lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. N kò sọ pé kó wá jẹun, mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó ṣan ọwọ́, ó jókòó, ó bu òkèlè. Èmi ni n kò lè gbé tèmi mì. Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, òun àti ọmọ rẹ̀ ń wá bá mi jẹun. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún un lọ́dún kìíní? Ìdáhùn mi nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má tún máa dá jẹun. Mo fi ikú ọkọ rẹ̀ pamọ́ fún un kí n lè rí ẹni bá jókòó. Ojúkòkòrò ni, mo mọ̀, ìtìjú rẹ̀ sì ń pa mí níwájú yín báyìí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tó ogún. Lóṣù tó kọjá, Olúwatósìn ń bá mi palẹ̀ dúrọ́ọ̀ mọ́, ó na fọ́ọ̀mù kan tí kò pé sí mi, ó ní, “Mà, ta ni Jàmíù?” Mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo kọ ọ́ parí, ohun tí mo sọ lórí mẹ́síìnì náà mo kọ ọ́, mo fi lé Dókítà Gbádégẹṣin lọ́wọ́. Ẹ kò ké mọ́ mi, Dókítà. Ẹ kàn bi mí pé, “Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Olúwatósìn, má jogún ọ̀rọ̀ mi yẹn o. Sọ fún wọn pé ìtọ̀ pupa kò léwu, awọ dúdú kò léwu, wọ́n á padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n kí o sọ èyí tó léwu náà, lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n sì tún un sọ fún ọ títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n: ibà, ara sísú, ojú pípọ́n, kí wọ́n dá hóró funfun dúró, kí wọ́n wá. Kí ẹnì kan péré nínú ilé mọ oògùn tí wọ́n ń lò. Kí wọ́n mú káàdì lọ́wọ́ lọ síbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gba ìtọ́jú. Bí ẹnì kan bá sì pè ọ́, ọmọ mi, sọ̀kalẹ̀ lórí mẹ́síìnì kí o tó dá a lóhùn.

Bàṣírát. Mo ti sọ ọ́. Ibà kọ́ ló pa Jàmíù. Oògùn tí mo fún un ni ara rẹ̀ kọ̀, ẹnu mi ló ní kó máa lò ó lọ, ẹnu mi náà ló ní kó má sọ fún ọ. Bí o bá mọ̀ ni, ò bá sọ fún dókítà yẹn, bóyá ìwọ àti Jàmíù lẹ̀ bá jọ sọ Waliyat lórúkọ. N kò ní kí o má bínú. O ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ó ti dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ yà fún un. Ẹ má fà á láṣọ, ẹ má sọ fún un pé àgbà ni mí, pé kó fojú fò ó. Àlùfáà, ẹ jókòó, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Waliyat, tẹ̀ lé ìyá rẹ, ọmọ dáadáa. Di ọwọ́ rẹ̀ mú tí ẹ bá fẹ́ sọdá títì.

Alága, ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà kí n jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ yín kò ní ṣe aláìsàn níbi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn, ara yín á gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ ó rí ẹni tó máa gbọ́ yín. Ẹni tó ń dá jẹun nínú yín, Ọlọ́run á rán ẹnì kan sí i tó máa ṣan ọwọ́ láìjẹ́ pé ẹ pè é. Obìnrin tó jáde yẹn, ọ̀nà á là fún un, ọmọ rẹ̀ á sìn ín, kò ní rí irú mi mọ́ láyé rẹ̀. Ẹ ṣe àmín kó dún, bóyá á gbọ́ ọ níta.

Wọ́n ní ẹ ti ṣètò mọ́tò mẹ́ta láti sìn mí délé. Mo dúpẹ́, àmọ́ ẹ má sìn mí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń retí pé kó sìn mí, ó sì ti dáhùn. Ẹ jẹun nígbà tó ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá gba ibẹ̀ máa lọ.

Ẹ ṣé o.